Ìtọ́sọ́nà Pípé fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Fọwọ́ Gbẹ́ Òǹtẹ̀

Yíńkì ni kí o kọ́kọ́ rà. Má tíì wá rọ́bà, má tíì wá ọ̀bẹ, má sì tíì ronú ohun tí òǹtẹ̀ náà yóò sọ. Yíńkì ló máa ń hàn lójú bébà, òun náà ni kó ṣáájú. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò ní Savalou, ra dúdú, ra pupa, ra búlúù, kí o sì ra pádì mẹ́ta tí yóò máa mu wọ́n. Tí o bá délé, tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ bí ẹni tó ń tẹ́ ẹrù ìdána, kí o wá kéde fún un pé láti òní lọ, gaàrí rẹ̀ á máa ní orúkọ lára àpò.

Èrò yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Mo tètè sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé n kò kórìíra rẹ. Gaàrí sohoui ti Savalou lókìkí: ó kúná, ó gbẹ, ó ń ró lẹ́nu, ẹni tó bá sì ń gba ọ̀nà Dassa lọ sí Djougou mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọjá lára rẹ̀. Òfin 2017-39, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ti fòfin de àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Benin. Àpò bébà àti àpò aṣọ ni ẹni tó fẹ́ pa òfin mọ́ lè gbójú lé, àwọn méjèèjì náà sì ni òǹtẹ̀ fẹ́ràn jù. Ọ̀rá kì í mu yíńkì olómi. Àtàǹpàkò kan ló máa nù ún dànù.

Ẹ̀rọ wà ní Kútọnu tó ń fi iná lésà gbẹ́ rọ́bà. Ọlọ́gbọ́n á fi orúkọ ránṣẹ́ lórí fóònù, á sanwó, á sì gba òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ lókè. Ìwọ kọ́ nìyẹn. Ọmọ Bantè ni ọ́, Savalou lò ń gbé, o sì ti pinnu pé lẹ́tà GARI SOHOUI á wà lókè, SAVALOU – BANTÈ á wà nísàlẹ̀, àwòrán ìdì ẹ̀gẹ́ á wà láàárín, gbogbo rẹ̀ ò sì ní tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Páálí ìṣáná! Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà tí mo gbọ́dọ̀ bá ọ sọ láìṣàwàdà, torí òmùgọ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè padà wálé. Lọ́dọ̀ wa, òǹtẹ̀ ni ìwé. Ìwé tí kò bá ní àmì roboto lórí ìbuwọ́lù, ewé lásán ni lójú akọ̀wé, ì báà jẹ́ ọba ló kọ ọ́. Nítorí náà, bí ìròyìn bá ti tàn pé o ń gbẹ́ òǹtẹ̀, ẹnìkan á yọ́ wá bá ọ lálẹ́, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọwọ́ yín ti dá sí i o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi gbẹ́ ti mairie?” Òmùgọ̀ kékeré á ní òun kò lè gbẹ́ ẹ. Òmùgọ̀ ńlá á bèèrè iye tó máa san. Ayédèrú òǹtẹ̀ ìjọba wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Benin ti 2018, n kò sì rántí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ dáadáa á gba ìdáríjì.

Ó yá, ká wá rọ́bà. Rárá o, iṣu ni. Savalou lo wà, ìlú tó ń ṣọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Níbo lo tún fẹ́ lọ? Gé iṣu tuntun sí méjì, kí o gbẹ́ orúkọ náà sí ojú ibi tí o gé. Ṣe é ṣáájú ọjọ́ ọdún, kí àwọn àgbà tí kì í fẹnu kan iṣu tuntun títí di ọjọ́ náà lè rí ọ dáadáa níbi tí o ti ń fi ṣeré. Ọwọ́ á máa yún ọ, omi iṣu á dà pọ̀ mọ́ yíńkì, àmọ́ àpò bíi mélòó kan àkọ́kọ́ á dára tó bẹ́ẹ̀ tí o fi máa pe aládùúgbò wá wò ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, iṣu á ti súnkì, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, GARI á ti di nǹkan mìíràn. Gbẹ́ òmíràn. Lójoojúmọ́ ni kí o máa gbẹ́ òmíràn, títí ìyàwó rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó kù nínú àká.

Nígbà tí iṣu bá tán, lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà. Sọ fún un pé rọ́bà tó le ni ò ń wá, torí pé ohun tó le ló ń tọ́jọ́. Á nawọ́ sí òkìtì táyà àlòkù. Mú ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kájú, òun ló nípọn jù. Wáyà wà nínú rẹ̀, èéfín dúdú tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà náà ló sì ń jẹ́ kó lè bá títì jà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí títì ò lè jẹ, abẹ rẹ fẹ́ jẹ ẹ́ láàárín alẹ́ kan. Nígbà yìí gan-an, fọ́kanáísà ń fi túúbù tó ti bẹ́ lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ ń ṣojú fùrù. Túúbù ọ̀hún ṣeé fi àlùmágàjí gé sí àwòrán ẹ̀gẹ́, igbá tàbí ewé. Èèyàn á fi sólúsọ̀n tí fọ́kanáísà fi ń lẹ táyà lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, òǹtẹ̀ ti dé nìyẹn. Lẹ́tà kéékèèké ni kò gbà. Ní ti àwòrán ńlá, n kò mọ ohun olówó pọ́ọ́kú tó dára jù ú lọ.

Sílípáàsì ni ó kàn. Mú ti ìyàwó rẹ, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ó rọ̀, abẹ ń wọ̀ ọ́ láìjanpata, bó bá sì jẹ́ ìràwọ̀ ńlá tàbí ewé gbàǹgbà lo fẹ́ tẹ̀ sára aṣọ, n kò ní bú ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nílé iṣẹ́ ni. Ihò kéékèèké kún inú rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan tí o bá gé kàn á sì yọ lórí bébà ní àmì funfun. Ìlà tín-ín-rín tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òmùgọ̀ á ní yíńkì ni kò dára. Á lọ ra àwọ̀ kẹrin.

Ẹnìkan tó ti dé Òṣogbo tàbí Ìbàdàn á sọ fún ọ pé líno ni àwọn ayàwòrán ń gbẹ́. Òótọ́ ló sọ. Frederick Walton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe líno jáde ní àwọn ọdún 1860, láti inú òróró irúgbìn àti èèpo igi tí wọ́n lọ̀ kúná, tí wọ́n wá tẹ́ sórí aṣọ àpò. Ilẹ̀ yàrá ló ṣe é fún. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Bruce Onobrakpeya ti ń fi í ṣe iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà. Bó bá ti le jù, oòrùn ló ń mú un rọ̀, oòrùn oṣù Kẹta ní Bantè kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, sáré lọ sọ́jà kí o ra gerflex olódòdó tí wọ́n ń tẹ́ sínú pálọ̀. Ike ni, ó fẹ́lẹ́, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ líno ju pé èèyàn ń rìn lórí àwọn méjèèjì. Fún òmùgọ̀, ìyẹn ti tó ẹ̀rí.

Òmùgọ̀ tó bá kàwé jù lọ á fẹ́ ṣe rọ́bà tirẹ̀ láti inú igi. Ó gbọ́ pé ní àwọn ọdún 1890, àwọn èèyàn ń da oje ìrẹ́ nínú igbó tó wà lẹ́yìn Èkó, wọ́n ń tà á fún òyìnbó, wọ́n sì ń gé igi náà lára títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tí kò gbọ́ délẹ̀ ni pé oje rọ́bà tí kò bá bá imí ọjọ́ wọ iná, ńṣe ló ń yọ́ nínú ooru. Ọdún 1839 ni Charles Goodyear ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn ní Amẹ́ríkà. Ìwọ á tún un yanjú láàárín ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ.

Lákòókò yìí, ohun tó yẹ kí o rà wà nínú àpò ìwé ọmọ rẹ. Gọ́ọ̀mù ni, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ rẹ́: èyí tó funfun, tó dán, tí ojú rẹ̀ kò ní ihò kankan, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ láìsán. Kò ní wáyà, kò ní eegun. Ibi tí o bá gé ló gé. Nancy Seki, obìnrin ará Jàpáàn tó kú ní 2002, fi gọ́ọ̀mù gbẹ́ ojú àwọn gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣàn ilẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọmọdé fi di iṣẹ́ àgbà. Ìwọ, mú èyí tó pupa lápá kan tó sì jẹ́ búlúù lápá kejì, torí pé àwọ̀ méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Apá búlúù yẹn, nǹkan tó rí háráhárá ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè máa họ bírò kúrò lójú ìwé. Gbẹ́ SOHOUI síbẹ̀ kí o wo bí H ṣe máa fọ́.

Igbá náà wà o, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ní Ntonso, nítòsí Kumasi ní Ghana, èèpo igbá ni wọ́n fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀ adinkra, wọ́n á so igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. Iṣẹ́ náà ti pẹ́: ọ̀kan lára àwọn aṣọ adinkra tó lọ́jọ́ lórí jù lọ, tí òyìnbó kan, Thomas Edward Bowdich, gbà ní ọdún 1817, wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Èèpo igi tí Yorùbá ń pè ní ìrà ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ á fi dúdú tó sì ki. Igbá tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n sì fi kọdọrọ náà ṣe èrè: ńṣe ni wọ́n ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí aṣọ, kò sí apá kan tí kì í kan ilẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbẹ́ lẹ́tà inú páálí ìṣáná sára igbá. Ohun tí a fẹ́ gbẹ́ ló ń sọ ohun tí a máa gbẹ́ ẹ sí, ohun tí a sì rí gbẹ́ ẹ sí ló ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa kéré tó. Gbólóhùn yìí, fò ó. Kò sí fún ọ.

Ní ti irin iṣẹ́, ọ̀bẹ tí ìyàwó rẹ fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ti tó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi abẹ tuntun sínú ọ̀bẹ ìgébébà, wọ́n sì tún ń ṣa agboòrùn tó ti ya jọ. Wo ọ̀pá tín-ín-rín inú agboòrùn dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí o bá gé e, tí o pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta, tí o kì í bọ inú èèkù igi, agbẹ́ kékeré ti dé nìyẹn, tó ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láìya. Sípóòkì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lù pẹlẹbẹ náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ kò mú, agbára lo máa fi tì í. Ibi tí agbára bá ti pọ̀, ọ̀bẹ á yọ̀, ìyókù di ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, o lè gba ojúbọ Dankoli lọ. Ó wà létí ọ̀nà tó jáde ní Savalou lọ sí Bantè, o kò lè ṣì í. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kan èèkàn igi mọ́ ibẹ̀, wọ́n ń da epo pupa sí i, wọ́n ń fẹ́ ọtí sí i, wọ́n ń tọrọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n máa padà wá san. Kan tìrẹ. Tọrọ pé kí ọ̀bẹ má yọ̀ mọ́. N kò ní fi Dankoli ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bẹ irú oore bẹ́ẹ̀ yẹ kó ti kọ́kọ́ pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

A dé ibi tí òmùgọ̀ ti ń dán jù lọ, n kò sì fẹ́ kí a sáré kọjá. Mú pẹ́ńsù, kọ GARI SOHOUI sójú gọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé. Gbẹ́ ẹ. Tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá jáde lórí bébà á kọjú sí ibi tí o kọ̀yìn sí. Lọ gbé dígí wá, gbé bébà náà síwájú rẹ̀, dígí á kà á dáadáa. Sọ fún ìyàwó rẹ pé kó máa fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní dígí.

Ní ọjọ́ kejì, o ti gbọ́n sí i. O ti ṣàkíyèsí pé A, I, O, H àti U kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, bí o bá yí wọn sẹ́yìn, bákan náà ni wọ́n máa rí. Nínú GARI SOHOUI, lẹ́tà mẹ́ta péré ló lè tú ọ fó: G, R àti S. O yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn, o fi ìyókù sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ayọ̀ kún inú rẹ. Bébà gbé IUOHOS IRAG jáde: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe yẹ, gbogbo wọn sì ń wọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àṣìṣe yìí lẹ́wà, n kò lè purọ́.

Tí o bá wá mú ọ̀ràn ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kúrò, àmì ohùn ṣì ń dúró dè ọ́. Ọ̀pá tó wà lórí È nínú BANTÈ gbọ́dọ̀ ṣubú sí apá kejì lórí rọ́bà kó tó lè dúró dáadáa lórí bébà. Gbàgbé rẹ̀, kí ará ìlú rẹ ka BANTÉ kó wá bi ọ́ léèrè ibi tó wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Yorùbá gbẹ́ òǹtẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó yí ohun gbogbo tán tó wá fi àmì sílẹ̀, ọkọ́ ló máa tà. Àmì abẹ́ lẹ́tà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òun ló kéré jù, òun nìkan ló dá dúró, òun ló sì kọ́kọ́ ń já. Ẹni tó bá gbọ́n á fún un ní ìdí tó fẹ̀, á sì jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbogbo wàhálà yìí ní oògùn kan tó rọrùn débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Kọ orúkọ náà sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó hàn, fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ ọ́ kó dúdú dáadáa, da ojú bébà náà dé gọ́ọ̀mù, kí o fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ẹ̀yìn bébà náà. Pẹ́ńsù á fò sórí gọ́ọ̀mù, á ti yí padà fúnra rẹ̀. Fọtokọ́pì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá fi òwú tí omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ wà lára rẹ̀ kan ẹ̀yìn bébà náà ní wéréwéré. Bí omi náà bá pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Òmùgọ̀ máa ń ṣe gbogbo èyí pé pérépéré. Lẹ́yìn náà, nígbà tó rí i pé orúkọ kọ̀yìn sí òun lórí gọ́ọ̀mù, á ní nǹkan ti bàjẹ́, á pa á rẹ́, á sì tún un kọ kó lè “tọ́”.

Nísinsìnyí, gbẹ́. Wa inú lẹ́tà náà jáde kí ó di kòtò, kí o sì fi àyíká rẹ̀ sílẹ̀. Àpò gaàrí á gba àmì dúdú kan tó ní orúkọ funfun nínú, torí pé ibi tó bá ga ló ń mu yíńkì, ibi tí wọ́n gbẹ́ kúrò ni bébà ń hàn. Bí ẹnìkan bá ṣàlàyé èyí fún ọ, yára yí ọwọ́ padà: gbẹ́ àyíká kúrò, ṣùgbọ́n ti abẹ rẹ sábẹ́ lẹ́tà, kí orí rẹ̀ fẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn ọlọ́wọ́ pẹ̀lẹ́ máa ń gbé abẹ dùbúlẹ̀ síta kúrò lára lẹ́tà, kí ìdí rẹ̀ lè nípọn ju orí lọ. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbẹ́ inú A, inú R àti inú O nígbà tí rọ́bà àyíká ṣì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n á wá gbẹ́ ìta. Mílímítà kan sí méjì ni wọ́n ń jìn mọ. Tí wọ́n bá dé ibi tó tẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń yí, ọwọ́ tó mú abẹ kì í kúrò lójú kan. O kò ní sùúrù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yí ara rẹ ká gọ́ọ̀mù náà, yí àga ká, yí fìtílà ká.

Yíńkì mẹ́ta tí o rà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn adinkra ti wọ̀ ọ́ lórí, o fẹ́ fi nǹkan ilẹ̀ wa ṣe tìrẹ. Kájú ló pọ̀ ní Bantè, omi èso rẹ̀ kì í sì í jáde lára aṣọ; kí ló tún kù? Fún un, kí o fi tẹ àpò. Àmì rẹ̀ kì í hàn dáadáa lọ́jọ́ tí o bá fi kan aṣọ, ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń pọ́n, nítorí náà o kò ní mọ ibi tí o tẹ̀ àti ibi tí o kò tíì tẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fọ́ èèpo kóró rẹ̀ kí o gba òróró inú rẹ̀. Ọmọ Bantè tó ti fi eyín fọ́ kóró kájú tútù rí mọ ohun tí òróró yẹn ń ṣe fún ètè. Ó tún ku ẹni tó máa jẹ gaàrí inú àpò náà.

Kí o tó tẹ àpò gidi, má ṣe dánwò lórí ìwé ìròyìn àtijọ́, má ṣe wo ibi tí yíńkì ti kan ohun tí kò yẹ kó kàn, má sì padà lọ gbẹ́ ibẹ̀ sí i. Má fi aṣọ ṣíṣẹ́po sábẹ́ bébà. Rọ gaàrí kún inú àpò ná, kí ojú rẹ̀ lè rí gbágungbàgun, kí o wá fi gìgísẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Tí o bá ṣe tán, fi epo bẹntiróòlù fọ òǹtẹ̀ náà dípò omi àti ọṣẹ, kí o sì tì í mọ́ inú páálí ike, lábẹ́ oòrùn, níwájú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fi mú gọ́ọ̀mù funfun rọ̀ máa ń jẹ ike tó bá fara kàn án pẹ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, o kò sì ní lè yọ ọ̀kan láìya èkejì. Ṣáájú kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan gaàrí pọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ lẹ́yìnkùlé á ti máa bèèrè pé: “Bàbá, èèló lẹ máa gbà gbẹ́ tiwa?” Sọ iye kan fún wọn, kí o sì gba owó náà kí wọ́n tó rí èyí tó wà lára àpò.